Tí ẹ bá dé Bangkok, iná àti ọwọ́ ni kí ẹ máa wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 33 ni mí, aṣọ ọmọdé ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ ra ọjà ní Pratunam, ọjà aṣọ kan ní Bangkok, olú ìlú Thailand, ọjọ́ mẹ́wàá la fẹ́ lò. A ò tíì débẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi ti ń wo fídíò oúnjẹ ojú títì wọn láti bí oṣù mẹ́ta, ó ní kò sí ohun tí òun ò ní tọ́ wò, títí kan kòkòrò díndín. Mùsùlùmí ni, ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló ní òun ò ní fẹnu kàn. Ẹ̀rù ń ba èmi. Mo ti pinnu pé ìrẹsì funfun àti èso gígé tó bá wà ní òtẹ́ẹ̀lì ni màá máa jẹ, màá sì gbé gàrí dání. Ó ní mo fẹ́ ba ìrìn àjò náà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, àti pé ìwọ̀sí ni fún àwọn ará ibẹ̀ téèyàn bá kọ oúnjẹ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe wolé-wolé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì? Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ṣeé jẹ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé lẹ́yìn tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Ẹlẹ́yẹlé. Bùkà, ilé ìpẹran, ilé búrẹ́dì, ìdí agbada alákàrà, kò sí èyí tí mi ò tíì dúró sí kí n máa wò. Mo sì ti dé Bangkok náà lọ́dún 2016, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn tí òun fẹ̀yìn tì. Ohun tójú mi rí ni màá fi dá ọ lóhùn.

Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rẹ́ rẹ ló sún mọ́ òótọ́ jù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó o fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tó ti jókòó láti òwúrọ̀ àti èso tí ẹlòmíràn ti gé kalẹ̀, àwọn méjì tó o fẹ́ sá di yẹn, wà lára ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí pé àwọn tó lọ sóde àná ń bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Tata tó ń ti inú òróró gbígbóná jáde bọ̀ sínú ọ̀rá rẹ kò sí níbẹ̀.

Ohun tójú ò rí rí ń ba ojú lẹ́rù, ikùn kọ́ ló ń bà lẹ́rù. Kòkòrò àìfojúrí tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ kò mọ oúnjẹ àjèjì yàtọ̀ sí oúnjẹ ilé. Omi tí kò mọ́ ló ń wá, àti ọwọ́ tí kò mọ́, àti oúnjẹ tí kò gbóná tí kò sì tutù. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń gbèrú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti kọ́ wa láti bí ọdún 2001 pé kí oúnjẹ sísè má ṣe ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ láìsí lórí iná tàbí nínú fìríìjì. Bangkok sì móoru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, pàápàá nínú oṣù kẹrin, oòrùn á mú bíi ti Ìbàdàn nínú oṣù kẹta. Fi ojú yẹn wo abọ́ ìrẹsì tí wọ́n gbé sórí tábìlì láago méje àárọ̀ tó o wá bá láago mẹ́wàá.

Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wálé láti oko. Bí ìrẹsì bá hó, kòkòrò yẹn fúnra rẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ kì í kú. Tí ìkòkò bá kúrò lórí iná, tí ìrẹsì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́, irúgbìn yẹn á jí, á pọ̀, á sì tu májèlé sínú oúnjẹ. Májèlé yẹn ò bẹ̀rù iná mọ́. O lè tún ìrẹsì náà dín kó gbóná janjan, ibi tó wà ló ṣì máa wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá àwọn ìyá alásè jà lórí ìrẹsì àná, tí wọ́n á ní, "Ṣebí a ti tún un gbé kaná, mà."

Ní ti èso gígé, kò sí ohun tó ṣe èso. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé e, pákó tí wọ́n gbé e lé, omi tí wọ́n fi ṣàn án àti ọwọ́ tó tò ó sínú ike, àwọn ni mi ò mọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o fúnra rẹ bó, ọsàn tó o fúnra rẹ bó, máńgòrò tó o fi omi inú ike fọ̀ tó o sì fi ọ̀bẹ ara rẹ gé, máa jẹ wọ́n lọ ní tìrẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, a lọ sí Yaowarat, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà ní Bangkok, níbi tí oúnjẹ ti ń bo títì láti ìrọ̀lẹ́. Inú àwo kan la ti ń jẹun, ṣíbí méjì: ìrẹ̀ díndín, ẹja tí wọ́n yan lórí èédú, ọbẹ̀ olómi tó ní indomie gbọọrọ wọn nínú. A sùn dáadáa. Láàárọ̀, láago mẹ́jọ, a sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì tá a wọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi bu ìrẹsì díndín látinú abọ́ irin kan tó ní ìdérí, tí iná abẹ́ rẹ̀ ti kú. Èmi ní kí wọ́n dín ẹyin lójú mi. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ọ̀rẹ́ mi ti ń bì. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ìrẹ̀ yẹn ni! Mo sọ fún ẹ!"

Mo mú bébà, mo ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é nílé. Tí òde bá dà báyìí, a kì í béèrè kí ni aláìsàn jẹ nìkan. A máa ń béèrè kí ni ẹni tí ara rẹ̀ le náà jẹ, ká tó wá ibi tí wọ́n ti yà síra. Èmi àti òun jọ jẹ ìrẹ̀, a jọ jẹ ẹja, a jọ mu ọbẹ̀. Ìrẹsì àárọ̀ nìkan ló jẹ tí mi ò jẹ. Wákàtí mẹ́ta ló sì wà láàárín oúnjẹ náà àti èébì, bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà ni májèlé ìrẹsì sábà máa ń múni. Mi ò lè búra, torí pé kò sẹ́ni tó gbé ìrẹsì náà lọ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ká ní èmi nìkan ni mo rin ìrìn yẹn tó wá ṣe mí, ìrẹ̀ ni ǹ bá máa dá lẹ́bi títí dòní.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oúnjẹ tó kẹ́yìn máa ń jẹ̀bi. Májèlé tí kòkòrò ti tu sílẹ̀ kí oúnjẹ tó dé ẹnu rẹ máa ń yára múni. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún àwọn arìnrìn-àjò, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà kan lára E. coli, sábà máa ń lo ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó fara hàn. Ibà jẹ̀fun, ìyẹn táífọ́ọ̀dù, lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin. Mẹ́dọ̀wú tó ń tinú oúnjẹ wá lè pẹ́ tó àádọ́ta ọjọ́, ìgbà tó o bá ti padà sí Gbági tó ò ń ná ọjà ló máa tó dé. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù àti mẹ́dọ̀wú A lọ́wọ́ dókítà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ jọ lọ ṣe ti ibà pọ́njú náà, torí àwọn Thai máa béèrè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ gbà á.

Wàyí o, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ṣeé jẹ? Ẹ dúró. Ẹ má rà á kíákíá. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, èyí ló wúlò jù: kéèyàn dúró lápá kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má sọ̀rọ̀, kó máa wo iná, kó máa wo ọwọ́.

Tí oúnjẹ bá ń ti orí iná bọ́ sínú àwo rẹ lójú rẹ, tó sì ń yọ èéfín, ọ̀pọ̀ nǹkan ti kú nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti dín in kalẹ̀ láti ọ̀sán tó wá ń dúró de oníbàárà, àfi kí wọ́n tún un dín tàbí kẹ́ ẹ kọjá. Wo ọwọ́: ṣé ọwọ́ tó gba owó náà ló ń mú ẹran? Ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ máa ń pín iṣẹ́ náà, ìyàwó á máa sè, ọkọ á máa gbowó, tàbí kí wọ́n gbé agbọ̀n kan kalẹ̀ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ ju owó sí i. Wo aṣọ ìnuwọ́ wọn. Aṣọ kan tí wọ́n fi nu tábìlì, nu ọ̀bẹ, nu òógùn, ó tó ìdí láti kọjá. Kẹ́ ẹ sì máa lọ nígbà tí àwọn ará ìlú ń jẹun, kì í ṣe nígbà tí ebi pa yín. Nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá tú jáde, oúnjẹ kì í pẹ́ nílẹ̀. Láago mẹ́ta, àjẹkù ọ̀sán ló ń wò yín lójú.

Nítòsí Pratunam tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn, odò tóóró kan wà tí ọkọ̀ ojú omi ń ná, Saen Saep lorúkọ rẹ̀. Ìyá kan ń ta som tam lẹ́bàá rẹ̀. Ìbẹ́pẹ tútù ni som tam, ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n fi odó gún. Odó amọ̀ ló wà níwájú ìyá náà, igi lọmọ odó. Ó mú ìbẹ́pẹ sọ́wọ́ òsì, ó ń fi ọ̀bẹ ńlá ṣá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sójú kan, lẹ́yìn náà ló wá ń rẹ́ ojú ibẹ̀ sínú abọ́, tó ń bọ́ lulẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Áyù àti ata ló kọ́kọ́ gún. Ó da ṣúgà ọ̀pẹ sí i, ẹ̀wà tútù gbọọrọ, tòmátò, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì bu omi ẹja oníyọ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún ń gún, ọwọ́ òsì ń fi ṣíbí gígùn yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Kì í gún un kunná bí iyán, ó kàn ń fọ́ ọ lára kí omi wọn lè wọnú ara wọn ni. Tó bá ti bu ti oníbàárà kan tán, omi inú jáàgì ńlá oníbọ́tìnnì ló fi ń ṣan odó, ó sì ń da omi náà nù. Kò fọwọ́ kan owó lẹ́ẹ̀kan. Lógún ìṣísẹ̀ síbẹ̀, obìnrin mìíràn ń ta ohun kan náà, ṣùgbọ́n inú báàkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ti ń fọ gbogbo àwo rẹ̀, omi inú rẹ̀ ti dàbí omi èlùbọ́, akàn tútù sì wà nínú abọ́ tí eṣinṣin ń bà lé. Som tam kì í rí iná rárá. Ọwọ́ àti omi nìkan ló kù téèyàn lè wò, àwọn la sì fi yan ìyá àkọ́kọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, som tam Thai ni kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní som tam pu pla ra yàtọ̀. Akàn inú oko ìrẹsì tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọn ò sè, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú pla ra, ìyẹn ẹja odò tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ àti ìyẹ̀fun ìrẹsì tó sì kan fún oṣù gbọọrọ. Ẹ má yínmú sí òórùn rẹ̀ níwájú wọn. Irú wọn nìyẹn. Bí irú ṣe ń rùn sí àlejò tó kọ́kọ́ wọlé ìyá mi ni pla ra ṣe rùn sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ṣe mọ̀ pé ọbẹ̀ ilé ẹlòmíràn ni mò ń gbóòórùn rẹ̀. Pla ra tí wọ́n ti sè hó kò léwu. Èyí tí wọn ò sè ni mò ń kọ̀.

Ibi tí mo ti máa di ọ̀rẹ́ rẹ lọ́wọ́ mú gírígírí nìyí: ohun tútù. Kó jẹ kòkòrò díndín, kó jẹ ẹsẹ̀ adìẹ, kó jẹ èso dúríàn tó ń rùn tí òtẹ́ẹ̀lì ò gbà kéèyàn gbé wọlé. Ṣùgbọ́n ẹja odò tútù, ẹran tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ata, edé tó ṣì ń ta pọ́n-ún nínú abọ́, kó má tọ́ ọ wò, ẹ̀ẹ̀kan péré náà ti pọ̀ jù. Ní àríwá ìlà-oòrùn Thailand, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Opisthorchis viverrini ń gbé inú ẹja odò. Ẹni tó bá jẹ ẹja náà ní tútù, kòkòrò yẹn á wọ ibi tí òróòro ń gbà lára ẹ̀dọ̀, á sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti fa jẹjẹrẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè Khon Kaen, àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ àgbáyé sì ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kò ní run ọ́ nínú lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò ní mú ọ bì. Ìdí nìyẹn tó fi burú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù náà ní kòkòrò tirẹ̀, Streptococcus suis, tó lè wọ ọpọlọ kó sì di etí èèyàn pa. Ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pa wọ́n, bó ti wù kí ó ta tó.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò díndín kò yẹ kó dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá. Ta ni nínú wa tí kò fi omi sínú abọ́ sábẹ́ iná kí èsúnsún lè já sí i nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀? Ìrẹ̀ la máa ń wú nínú ilẹ̀ lọ́mọdé ká tó yan án. Ní Thailand, sísìn ni wọ́n ń sin ìrẹ̀ bí a ṣe ń sin adìẹ. Lọ́dún 2013, FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ka oko tí wọ́n ti ń sìn ín sí nǹkan bí 20,000. Olómọlanke á tò wọ́n sórí àwo: ìrẹ̀, tata, ìdin inú ọparun, ọmọ kòkòrò sílíìkì. Ẹ ní kó tún wọn dín lójú yín. Ó máa fọ́n omi sóyà àti ata funfun sí i. Ìdin ọparun ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ó ń fọ́ lẹ́nu bíi gúgúrú, kò ní ẹsẹ̀. Tata, ẹ yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, torí ó máa ń ha ọ̀nà ọ̀fun.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ níbẹ̀. Ẹni tí edé tàbí akàn kì í bá lára mu, kó má fẹnu kan kòkòrò rárá. Ohun kan náà tó wà lára edé wà lára ìrẹ̀, ọ̀fun lè wú kó dí. Ìkejì, kòkòrò tó ti bà jẹ́ kí wọ́n tó dín in lè mú kí ojú pọ́n, kí ara máa yún èèyàn, bíi ti ẹja tí yìnyín rẹ̀ yọ́ ní àárín ọ̀nà, iná kì í sì í wo èyí náà sàn. Tó bá ta ẹnu yín bí ata níbi tí kò sí ata, ẹ tu ú dànù. Ẹ sì jẹ́ kó mọ ní títọ́wò. Lẹ́yìn ọdún 1990, àwọn dókítà wa ní Ilé-Ifẹ̀ rí i pé ìdin Anaphe, tí àwọn èèyàn wa kan máa ń sun jẹ nígbà òjò, ń mú kí ara àwọn kan máa gbọ̀n, kí wọ́n má lè rìn dáadáa, torí ó ń pa fítámì B1 lára ẹni tí oúnjẹ mìíràn tó ń jẹ ò dára tó. Sísun wọn ò sì pa ohun tó ń ṣe é. Ìwọ̀nba ọwọ́ kan láàárín oúnjẹ gidi kì í ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ ní láti múra ju bó ṣe rò lọ. "Mu" ni wọ́n ń pe ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì lè wà nínú ohun tó jọ ẹ̀fọ́ lásán. Ọbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kuai tiao ruea, tó dúdú tó sì ń ta sánsán, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù ni wọ́n fi ń mú un ki. Kó kọ́ "mai sai mu", ìyẹn ni pé kí wọ́n má fi ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó dára jù ni pé kẹ́ ẹ rìn lọ sí Phetchaburi Soi 7, kò jìnnà sí Pratunam. Mọ́ṣáláṣí Darul Aman wà níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí Thai sì ń ta oúnjẹ tiwọn lójú títì yẹn. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ìwọ náà á jẹun.

Omi inú ike tí wọ́n dé pa ni kẹ́ ẹ mu, òun náà sì ni kẹ́ ẹ fi fọ ẹnu. Ní ti yìnyín, èyí tó rí bíi páìpù kékeré, tó ní ihò láàárín, ilé iṣẹ́ ló ti ń wá, kì í sábà léwu. Èyí tí wọ́n fọ́ lára bílọ́ọ̀kù ńlá, tí wọ́n wọ́ nílẹ̀ látinú ọkọ̀, òun ni wọ́n tún fi ń tẹ́ ẹja. "Mai sai nam khaeng" ni kẹ́ ẹ sọ, ìyẹn ni pé kí wọ́n má fi yìnyín sí i. Ata wọn mú, ṣùgbọ́n ata kò pa Yorùbá. Tí ìdí bá ń ta yín lọ́jọ́ kejì, ata ni, ẹ má pe dókítà.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní ìwọ̀sí ni téèyàn bá kọ oúnjẹ. Ọjà ni wọ́n ń tà, ọmọ mi. Ẹni tí kò ra ọjà kò ṣẹ ẹni kankan. Ohun tó máa ń dun wọ́n ni kéèyàn rà á tán kó wá fajú ro, kó tu ú sílẹ̀ níwájú wọn, tàbí kó máa ya wọ́n ní fọ́tò bí ẹni tó ń wo ẹranko. Iṣẹ́ tó níyì ni iṣẹ́ wọn. Lópin ọdún 2017, nígbà tí ìwé Michelin, tó ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ tó dára jù lọ́lá, kọ́kọ́ jáde fún Bangkok, Jay Fai, ìyá àgbà tó ń fi akàn dín ẹyin lórí iná èédú, gba ìràwọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ti ń dáná.

Àti ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ ra àwo kan fún èèyàn méjì, ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ náà ṣe ń jẹun, wọ́n á gbé àwo sáàárín. Èyí tó wù ọ́, kó o jẹ. Èyí tí kò wù ọ́, jókòó tì í, bi í bó ṣe rí lẹ́nu, jẹ́ kó ròyìn rẹ̀ fún ọ. Mo rò pé ohun tó ń wá lọ́dọ̀ rẹ nìyẹn, ju pé kó o gbé tata mì lọ. Kí òun náà má ṣe fi ṣíbí kàn ọ́ lẹ́nu, kó má sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fídíò. Ẹ jọ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: tí ẹnì kan bá ní "ó tó", ó tó nìyẹn. Ohun tó bá ṣe yín bákan, ẹ má jọ jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kan nínú yín lè dìde gbé omi fún èkejì. Ẹ kọ́kọ́ ra ọjà yín, ẹ fi ẹrù lé àwọn tó máa gbé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́wò tó le. Lálẹ́ tó ṣáájú bàálù, ohun tí ikùn yín ti mọ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnì kan, omi ni kẹ́ ẹ fi lé e. Ẹ gbé ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, sínú báàgì láti ilé. Tí kò bá sí, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kó tẹ́jú, kó má ga, nínú lítà omi kan. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún, pàápàá tó bá ń bì. Flagyl tí gbogbo wa ń gbé mì nílé kì í ṣiṣẹ́ fún èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru arìnrìn-àjò, ẹ má fi ṣe ìtọ́wò. Oògùn tó ń di ìgbẹ́, ẹ má lò ó tí ibà bá wà tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́. Tí èyíkéyìí nínú yín bá ń lo oògùn ọgbẹ́ inú bíi omeprazole, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó lọ, torí ó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, omi kíkan yẹn sì wà lára ohun tó ń pa kòkòrò fún wa. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ibà tó ga, èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró, àìtọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀kan péré nínú wọn, ilé ìwòsàn ni. Nọ́ńbà ọkọ̀ pàjáwìrì wọn ni 1669.

Gàrí tó o mẹ́nu kàn, gbé e dání. Kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí jẹun padà lọ́jọ́ kejì, ẹ̀bà kékeré tí mo fi omi gbígbóná látinú kẹ́tùlù òtẹ́ẹ̀lì tẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹyin sísè, ni ohun àkọ́kọ́ tó jẹ tó dúró. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló ní ká padà sí Yaowarat, òun fẹ́ ìrẹ̀.